Bàbà Inú Fàdákà

Ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ni, nítòsí ọjà Ìkọ̀tún. Obìnrin oníbàárà kan ti kó ṣílè àtijọ́ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ fún òun. Ọmọṣẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

KÚNLÉ: Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká lú bàbà mọ́ ọn, ká yọ díẹ̀ pamọ́ nínú fàdákà náà. Kò ní mọ̀.

Ọ̀GÁ: Olè nìyẹn.

KÚNLÉ: Ọba ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń fi òòlù lu owó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, etí owó kì í gún. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó rẹ́ etí rẹ̀ láti jí fàdákà, ikú ni. Àmọ́ láti 1544, Ọba Henry Kẹjọ lú bàbà mọ́ fàdákà títí ó fi ku ìdá kan péré nínú mẹ́ta. Ta ló dá a lẹ́jọ́?

Ọ̀GÁ: Imú rẹ̀. Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo ojú owó ọ̀hún. Bí wọ́n ti ń ná an, imú ọba tó yọ síta ló kọ́kọ́ pọ́n. Ni wọ́n bá ń pè é ní Onímú Bàbà. Ọjà wọ́n gógó, Elizabeth ọmọ rẹ̀ ló wá kó ìdọ̀tí náà nílẹ̀ ní 1560 àti 1561.

KÚNLÉ: Ẹ wo ṣílè 1913 yìí tí ìjọba òyìnbó ṣe fún wa, igi ọ̀pẹ lẹ́yìn rẹ̀, fàdákà gidi. Ti 1925 rèé: ọ̀pẹ kan náà, orúkọ kan náà, idẹ lásán!

Ọ̀GÁ: Fàdákà ló wọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Ṣùgbọ́n wọn ò fi fàdákà bo idẹ náà. Gbogbo ayé rí i pé ó ti yí padà. Ẹni tí kò fẹ́ lè kọ̀ ọ́.

KÚNLÉ: Lábẹ́ òyìnbó, ọ̀gá? Ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀GÁ: O mú mi níbẹ̀. Kéèyàn má fi pamọ́ nìkan ò tó. Ẹni tó máa gbà á gbọ́dọ̀ láyè àtikọ̀. Ìjọba ò bi àwọn bàbá wa léèrè. Àwa lè bi obìnrin yìí.

KÚNLÉ: Ṣé bàbà ò wá burú nìyẹn?

Ọ̀GÁ: Bàbà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣílè 1913 yìí gan-an, 75 nínú 1,000 rẹ̀ kì í ṣe fàdákà, torí fàdákà nìkan ti rọ̀ jù. Ká fi pamọ́ ni ìwà olè, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ ìwọ.

KÚNLÉ: Owó iṣẹ́ wa á wá pọ̀ lójú rẹ̀.

Ọ̀GÁ: Kó ná an. Ìwọ gbé ìwọ̀n wá, ká wọn ṣílè náà lójú rẹ̀ kí iná tó kàn án. Tí ẹ̀gbà bá sì parí, ká tún un wọ̀n.