Pàǹtí tó Wà Lórí Àjà

Ọdún 1228 ni Póòpù Gregory Kẹsàn-án fi òkúta ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ lélẹ̀ nílùú Assisi, ní Ítálì. Àjà tó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n kọ́ sórí apá òkè ṣọ́ọ̀ṣì náà, wọ́n sì ṣe òrùlé lé e. Àwọn ọ̀gá ayàwòrán ọ̀rúndún náà, tó fi mọ́ Cimabue, ya àwòrán sára ògiri àti abẹ́ àjà.

Láti ìgbà náà, òrùlé ò yéé bàjẹ́, bíríkìlà ò sì yéé tún un ṣe. Bí amọ̀ sísun tí wọ́n fi bolé bá fọ́, wọ́n á fi tuntun síbẹ̀. Àfọ́kù ńkọ́? Wọ́n á gbá a sí kòtò tó wà láàárín òrùlé àti àjà. Ta ló fẹ́ rù ú sọ̀ kalẹ̀? Ọ̀rúndún lórí ọ̀rúndún, pàǹtí ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn ọdún 1950, wọ́n fi kọnkéré rọ́pò igi òrùlé, síbẹ̀ wọn ò kó pàǹtí kúrò.

Lóru ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, 1997, ilẹ̀ mì tìtì. Àjà sán, kò wó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ará ilé ìsìn àtàwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọlé lọ wo ibi tó bàjẹ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ilẹ̀ tún mì. Ibi méjì já lára àjà, ó sì pa èèyàn mẹ́rin.

Giorgio Croci, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó darí àtúnṣe, ṣàlàyé ọwọ́ tí pàǹtí ní níbẹ̀. Bí àjà bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pàǹtí á yọ̀ tẹ̀ lé e, kò ní jẹ́ kó padà sípò. Bẹ́ẹ̀ ni àjà ṣe ń tẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi já. Wọ́n kó pàǹtí náà dànù, wọ́n fi ọ̀pá fífúyẹ́ tó tẹ̀ bí egungun ìhà gbé àjà ró látòkè, wọ́n ṣa àfọ́kù àwòrán lẹ́yọ lẹ́yọ. Ní oṣù Kọkànlá 1999, ṣọ́ọ̀ṣì ṣí padà fún olùjọ́sìn àti arìnrìn-àjò.

Kò sí bíríkìlà tó gbèrò ibi nínú wọn. Kálukú kàn dín wàhálà ara rẹ̀ kù ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ilé àtijọ́ fún oníṣẹ́, kó má wo ọ̀dà ara ògiri nìkan. Kó gun àkàbà, kó bèèrè ibi tí wọ́n da àfọ́kù sí, kó tó sanwó.