Erin tí ń bẹ lábẹ́ orí ọba



Àgbà kan nínú ìjọ wa níhìn-ín ní Jos, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ti fẹ̀yìn tì, ń kó owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jọ. Sovereign kan tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí ọmọ rẹ̀ ní London ti rí gínì kan tí wọ́n ń tà (kì í ṣe aṣọ gínì tí àwọn ìyá wa ń tà o), ó sì bi mí léèrè bóyá ó tọ́ kí Kristẹni rà á.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dá a lóhùn pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Owó kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo gínì yìí dáadáa. Ọdún 1663 ni wọ́n kọ́kọ́ rọ irú rẹ̀ ní London, ní ayé Ọba Charles Kejì. Orúkọ etíkun Guinea, ní ìhà Ghana òde òní, ni ó ń jẹ́, nítorí láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú wúrà náà ti wá. Àwọn tí a fi wúrà ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Áfíríkà ṣe ní erin kékeré lábẹ́ orí ọba. Ilé-iṣẹ́ náà, tí a tún dá sílẹ̀ ní 1672 pẹ̀lú orúkọ Royal African Company, ń ṣòwò wúrà, ó ń ṣòwò eyín erin, ó sì ń ṣòwò ènìyàn. James, àbúrò ọba, ni olórí rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ wúrà nìkan ni bàbá wa ń wá, sovereign tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ ní 1817 yóò tó o. Wúrà inú rẹ̀ ju gíráàmù 7 lọ. Ṣùgbọ́n erin ni ó wù ú. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọsẹ̀, nítorí àmì àwọn tí ó rà wá tí wọ́n sì tà wá ni.

Ẹnìkan lè wí pé ó ti pẹ́. Àwa tí a ń gbé ìlú ìwakùsà mọ̀ pé ohun tí a wà nínú ilẹ̀ lè lọ jìnnà, kí kòtò rẹ̀ sì kù sílé.

Mo rántí àwọn olórí àlùfáà àti ọgbọ̀n owó fàdákà Júdásì. Wọn kò jẹ́ kí ó wọ inú àpótí ìṣúra, nítorí owó ẹ̀jẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn fúnra wọn ni ó san án! Wọ́n fi ra ilẹ̀ amọ̀kòkò láti máa sin àlejò. Owó búburú ni, síbẹ̀ àlejò rí ibi sùn sí. Nítorí náà n kò lè fi ojú kan ṣoṣo wo ọ̀rọ̀ yìí.

Èrò tèmi ni pé kí ó rà á, bí yóò bá mú un wá sí kíláàsì àwọn ọmọ ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó sì sọ ìtàn erin náà fún wọn. Bí ó bá jẹ́ láti tì í mọ́ àpótí ni, kí ó fi í sílẹ̀ ní London. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Akọ̀wé, bí olè bá gbọ́ ńkọ́?"