Wàrà Kò Tán Nílé Wa

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run o, ẹ̀yin ará! Ẹnu mi kò gbọpẹ́. Èmi elélùbọ́ ní Oríta-mẹ́rin, n'Ìbàdàn, ni mo ń jẹ́rìí yìí. Ọmọ tí mo ń tìtorí rẹ̀ dúpẹ́ sì nìyí nídìí àtẹ mi, ó ń fi kóńgò lu ilẹ̀ kíkankíkan, kò jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí oníbàárà ń wí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020 ni ọmọ mi obìnrin bímọ láìpé oṣù. Ọmọ jáde, ibi ọmọ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Kí a tó gbé e dé ibi tí wọ́n ti lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó ti dákẹ́. Háà! Ẹni tó yẹ kó sin mí ni mo sin. Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sọ̀rọ̀, kò jẹun. Wọ́n gbé ìkókó lé mi lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bíi kóńgò gàrí kan.

Kí ni n ó fún un jẹ? Ọmú tèmi ti gbẹ tipẹ́. Ẹni kan ní kí n ro àgbo sí i lẹ́nu, ẹlòmíràn ní kí n po ògì. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nítòsí wa ní Bẹyẹrúnkà, ló figbe ta: "Màmá, ẹ má dán an wò! Wàrà ọmọdé nìkan ni, títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà." Ó bọ́ ọmọ náà láṣọ, ó ku fìlà àti ìtẹ́dìí. Ó gbé e lé mi láyà, ara kan ara, ó fi ìborùn gbá wa pọ̀. Ó ní Bogotá, ní ilẹ̀ Colombia, ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, nígbà tí ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí kò pé oṣù móoru kò kárí. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn pọ̀nmọ láyé mi, mo wá ń pọ̀nmọ sáyà nínú ooru Ìbàdàn! Òógùn bò mí, ṣùgbọ́n ọmọ móoru, ó ń mí.

Wàrà ló kù. Mo fi èrè rà á, mo fi owó ọjà rà á, àtẹ mi ń dín kù. Àfi bí Kòrónà ṣe dé! Àwa onóúnjẹ ṣì ń pàtẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà kò wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde kónílé-ó-gbélé láti agogo 7 alẹ́ di agogo 6 òwúrọ̀.

Òru ọjọ́ kan nínú ìgbà náà ni ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ. Ojú rẹ̀ wọnú, àwùjẹ̀ rẹ̀ jìn. Ó ń sunkún. Ẹ̀yin ìyá sì mọ̀ pé ẹkún kọ́ là ń bẹ̀rù. Ìgbà tí ẹkún náà dá ni ọkàn mi já! Mo gbé e, mo bọ́ síta. Kò sí Micra, kò sí ọ̀kadà, títì dá páropáro. Mo ké pé: "Ọlọ́run, ìyá ti lọ, jọ̀ọ́, fi ọmọ sílẹ̀ fún mi!"

Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa! Ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan ń já èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ọkọ̀ oúnjẹ sì wà lára èyí tí wọ́n ń jẹ́ kó kọjá. Awakọ̀ náà, ará Ìgbòho, wo ọmọ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò béèrè owó. "Ìyá, ẹ gòkè!" Ẹrù kò tíì tán lẹ́yìn ọkọ̀ tí a fi gba Bẹẹrẹ, ó di ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu. Ọlọ́pàá tan tọ́ọ̀ṣì sí wa lójú lọ́nà, ó rí ọmọ, ó ní ká máa lọ.

Nọ́ọ̀sì ń fi ṣíbí ro omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ọ̀fun rẹ̀. Ó gbé e mì! Ó tún gbé e mì! Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ tọ̀. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín bó bá wù yín: ìtọ̀ yẹn ni mo jó sí! Wọ́n ní kí n ju ìgò olórí rọ́bà nù, pé ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀, kí n máa fi ife kékeré fún un mu.

Awakọ̀ yẹn kò panu mọ́, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún un. Ó ròyìn wa káàkiri ọjà. Ni àwọn Alhaja ẹgbẹ́ àsàlátù àti àwọn ìyá ìjọ wa, tí wọn kì í sábà jọ ṣe nǹkan pọ̀, bá fẹnu kò: ẹni tó bá kó àjọ yóò ra agolo wàrà kan sílẹ̀. Láti ìgbà náà, wàrà kò tán nílé wa!

Ilé àwọn ọmọ aláìníyàá tí mo lè gbé e lọ wà lóòótọ́. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ń jẹ́ orúkọ Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, títí dòní, Ọlọ́run sì lo obìnrin náà gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí ìyá àgbà bá wà, tí àyà rẹ̀ ṣì móoru, agolo wàrà ló ń wá, kì í ṣe ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ kò tíì gbọ́ ìdajì! Awakọ̀ náà ló tún sọ fún wa pé ìkókó mìíràn wà ní abà kan lápá Ìgbòho, ìyá tirẹ̀ náà kú lórí ìkúnlẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó èlùbọ́ wá sí Ìbàdàn, tó máa ń padà lófìfo, kì í lọ lófìfo mọ́: agolo wàrà ń bẹ nínú rẹ̀, ife kékeré àti ìyẹ̀fun omi oníyọ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ìwọ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ lóru òní, má sọ̀rètí nù! Gbé e sáyà, kí o sì ké síta kí ará ọjà gbọ́. Ẹ bá mi ṣe Halelúyà! Àwọn Alhaja ti ń ṣe Alhamdulillah tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí, wọ́n ń di ẹrù Ìgbòho.