Bí Ẹlẹgbẹ́ Yín Bá Ní Kí Ẹ Kọ́ Òun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà tàbí ìṣirò nìkan. Ọ̀rọ̀ ìwà ni. Nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan máa ń wà tí ẹ̀kọ́ tètè ń yé. Kì í pẹ́ tí àwọn tó kù fi máa ń yíjú sí i. "Ẹ fi hàn mí." "Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?" "Ẹ wá kọ́ mi nílé lọ́la." Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ń yíjú sí, kí ni kí ẹ ṣe? Ṣé kí ẹ kọ́ wọn ni, àbí kí ẹ kọ̀?

Ọ̀pọ̀ yín yóò dáhùn kíákíá pé: "Kí ni ìbéèrè níbẹ̀? Ẹni tó mọ̀, kó kọ́ ẹni tí kò mọ̀." Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì mi ní Sanson níbí.

Obìnrin méjì láti agbo ilé kan náà ń wá kọ́ ìwé. Ọ̀kan jẹ́ ìyáálé, èkejì jẹ́ ìyàwó kékeré. Ìyàwó ló tètè mọ ìṣirò, nítorí láti kékeré ló ti ń ta gàrí lọ́jà, orí ló sì fi ń ṣírò owó. Nígbà tí a dé orí àròpọ̀, ìyáálé kò bi mí ní ohunkóhun. Ìyàwó ló ń bi. Bí wọ́n bá délé tí wọ́n jẹun tán, á ní: "Ìyàwó, mú pátákó rẹ wá, wá fi hàn mí." Ìyàwó á kúnlẹ̀ tì í, á sì máa fi hàn án. Ta ni yóò kọ̀ fún ìyáálé rẹ̀?

Ohun tó kọ́ ọ kì í ṣe irọ́. Ó ní: "Ìyá, ẹ má wulẹ̀ kọ 1 tí ẹ mú síwájú sílẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn." Bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, kì í sì í ṣì í. Ṣùgbọ́n kò tíì mọ́ ìyáálé lára. Nígbà tí àsìkò kajú dé, ìyáálé kó àpò méjì lọ tà. Ọ̀kan wọn 68 kílò, èkejì wọn 57 kílò. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣírò ó sórí ìwé, inú rẹ̀ sì ń dùn: 8 àti 7 jẹ́ 15, ó kọ 5, 6 àti 5 jẹ́ 11. Ó ní 115. 1 tó fi sọ́kàn ti fò lọ. 125 ló yẹ kó jẹ́. Kílò kan jẹ́ 300 fránkì lọ́jọ́ náà, nítorí náà 3000 fránkì ló sọnù. Ẹni tó rà á kò sọ nǹkan kan. Bóyá kò mọ̀. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀.

Ìjà dé nínú ilé. Ìyáálé ní ìyàwó mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀kọ́ burúkú kọ́ òun kí ó lè fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ìyàwó sunkún títí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò wá sí kíláàsì mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ìyàwó kò ní èrò ibi. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó kọ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ohun tó yẹ ẹni tó ti mọ̀. Ẹ wo ẹni tó ti ń gun ọ̀pẹ fún 20 ọdún. Ó máa ń ju igbà sókè láì wò ó, ó sì máa ń fẹ̀yìn ti igbà bí ẹni tó wà lórí àga. Bí ọ̀dọ́ kan tó kọ́ ọ lánàá bá sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ewu," ilẹ̀ ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bá ara rẹ̀. Olùkọ́ gidi mọ ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe: kí a yẹ kókó igbà wò, kí a kọ́ bí a ti ń sọ̀ kí a tó kọ́ bí a ti ń gùn. Ẹni tó yára kọ́ ọ ti lè gbàgbé pé òun kọ́ ìyẹn rí.

Nǹkan mìíràn tún wà. Nígbà tí mo yẹ ìwé ìyàwó yẹn wò, mo rí i pé láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ síwájú mọ́. Ojú ewé àyọkúrò ṣófo. Wákàtí tó yẹ kó fi kọ́ tirẹ̀ ló fi ń dá àwọn tó jókòó tì í lóhùn. Òun náà fi iṣẹ́ ilé àti ọmọ sílẹ̀ wá síbẹ̀, bí àwọn yòókù.

Ṣé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ni? Rárá o. Ẹ gbọ́ ti Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, nílẹ̀ Yorùbá. Ní 1822 ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lójú òkun, wọ́n sì mú un lọ sí ilẹ̀ Sàró, níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé lẹ́yìn náà pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, wọ́n fi òun ṣe ẹni tó ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun, wọ́n sì ń san pẹ́nì méje ààbọ̀ fún òun lóṣù. Ọmọ yìí náà ló wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tó sì ṣe iṣẹ́ ńlá lórí kíkọ èdè wa sílẹ̀.

Irú ètò bẹ́ẹ̀ pọ̀ láyé ìgbà yẹn. Ní London, Joseph Lancaster ṣí ilé ìwé kan ní 1798 fún àwọn ọmọ tálákà. Àwọn ọmọ pọ̀ rẹpẹtẹ, owó olùkọ́ kò sì sí. Ó wá yan àwọn ọmọ tó mọ̀ díẹ̀ láti kọ́ àwọn tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: olùkọ́ ló ń yàn wọ́n. Ó kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ, ohun náà gan-an ni wọ́n sì ń sọ. Àwọn ọmọ kò dá ara wọn yàn, olùkọ́ sì mọ ohun tó ń lọ. Èyí ni kò sí nínú ti ìyáálé àti ìyàwó. Èmi olùkọ́ kò mọ nǹkan kan.

Kí ló dé tí n kò fi mọ̀? Mo lọ sí agbo ilé wọn lọ bi ìyáálé ìdí tí kò fi bi mí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní: "Olùkọ́, lọ́jọ́ tí mo bi yín ní ìbéèrè, ẹ ní, 'Ìyá, a ti sọ èyí lánàá.' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín." Ẹ̀yin ará mi, mo ti gbàgbé ọjọ́ náà pátápátá. Òun kò gbàgbé. Ó dàgbà jù mí lọ, mo sì dójú tì í níwájú àwọn ọmọdé. Kò lè bi mí mọ́, ó wá yíjú sí ẹni tí kò lè kọ̀ fún un.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń yíjú sí yín, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: kí ló dé tí ẹni yìí kò bi olùkọ́? Bó bá jẹ́ ìtìjú ni, ẹ bá a gbé ìtìjú náà. Ẹ lè sọ pé: "Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi olùkọ́, èmi ni n óò la ẹnu." Kò sí àfojúdi nínú ìyẹn, ìyáálé kankan kò sì ní bínú sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ fi tiyín hàn án, ẹ fi hàn án, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé: "Bí mo ṣe ṣe é nìyí, n kò mọ̀ bóyá yóò bá yín mu." Bó bá sì jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí ẹ bá òun kọ ọ́ kí òun lè lọ sùn, ẹ jẹ́ kó lọ sùn.

Ẹni tí kò tilẹ̀ bi yín léèrè ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń na ọrùn wo ìwé ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti tún un ṣe. Mo ti ní irú wọn méjì ní kíláàsì, àárẹ̀ mú mi.

Mo bẹ ìyáálé, mo sì bẹ ìyàwó. Níwájú gbogbo kíláàsì ni mo ti bẹ ìyáálé, nítorí níwájú wọn ni mo ti dójú tì í. Lẹ́yìn náà mo kó ẹ̀wà wá, mo fi ṣe òkìtì mẹ́wàá mẹ́wàá, kí 1 tí a ń mú síwájú lè jẹ́ ohun tí a fi ojú rí. Mo ní kí ìyàwó fi hàn wọ́n pẹ̀lú mi, ìyẹn nígbà tí èmi àti òun ti jọ ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ní ìparí oṣù, ìyáálé tún 68 àti 57 ṣe lójú pátákó dúdú. Ó kọ 1 yẹn sókè, ó tóbi ju gbogbo nọ́ńbà tó kù lọ. Nígbà tí mo fẹ́ pa pátákó rẹ́, ó ní kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀la.