ÌRÌN OGÓJÌ ỌJỌ́: FÚN ẸNI TÓ ṢẸ̀ṢẸ̀ BẸ̀RẸ̀ OÒGÙN ÌRẸ̀WẸ̀SÌ ỌKÀN

*ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀*
*Bíbélì kíkà:* 1 Àwọn Ọba 19:3–8

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé níbí ní Ẹ̀sìẹ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Òmù-Àrán, ní Ìlọrin, ní Èkó, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, Ọlọ́run á jẹ́ ká fi ayọ̀ rí ìrọ̀lẹ́ òní. Àmín.

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹnì kan wà tí mo ń bá sọ ọ́ gan-an. Ẹni náà ti lọ rí dókítà. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń ṣe é, ó sì fún un lóògùn. Ó ti lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, bóyá ọ̀sẹ̀ kan. Kàkà kí ara tù ú, ńṣe ni èébì ń gbé e, orí ń fọ́ ọ, oorun ò wá lóru. Ó wá ń bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé oògùn yìí ò fẹ́ pa mí báyìí? Àbí ìgbàgbọ́ mi ló kéré?" Ó ti di hóró oògùn tó kù mọ́wọ́, ó fẹ́ lọ dà á nù sẹ́yìnkùlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

*ÈLÍJÀ LÁBẸ́ IGI*

Gbogbo wa la mọ Èlíjà. Òun ló gbàdúrà tí iná sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì. Òun ló gbàdúrà tí òjò rọ̀ lẹ́yìn ọ̀dá ńlá. Àmọ́ kò pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́gun yẹn ni Jésébẹ́lì ránṣẹ́ ikú sí i, ọkàn wòlíì Ọlọ́run bá wó lulẹ̀. Ó sá. Ó fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, òun nìkan wọ aginjù lọ. Ó jókòó sábẹ́ igi kan, ó ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kèfèrí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹni tí kò mọ àdúrà gbà. Tí ó bá lè ṣe Èlíjà, ó lè ṣe pásítọ̀, ó lè ṣe màmá olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ó lè ṣe ọ̀dọ́ tó ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Kí ni Ọlọ́run wá ṣe fún un? Kò bá a wí. Kò ní kó dìde kó lọ gbààwẹ̀. Ó jẹ́ kó sùn. Ó rán áńgẹ́lì sí i pẹ̀lú oúnjẹ tí a yan lórí ẹyín iná, àti omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara wòlíì yìí ni Ọlọ́run kọ́kọ́ tọ́jú, kó tó di pé ó bá a sọ̀rọ̀ lórí òkè Hórébù. Ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run tó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí gbogbo rẹ̀ tán, ó yàn láti fi ohun jíjẹ àti ohun mímu ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú Hesekáyà. Ọlọ́run ti ṣèlérí ọdún 15 sí i fún un, síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀ (2 Àwọn Ọba 20). Ìlérí wà, oògùn náà wà. Ọ̀kan ò lé èkejì jáde.

*ÈNÌYÀN KÌ Í ṢE ÒKÚTA*

Ìlú wa yìí, ère òkúta ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n lé ní 1,000, ilé tí wọ́n sì kọ́ fún wọn ní 1945 ni mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àlejò tó wọ̀lú tí wọ́n sì di òkúta. Wọ́n jókòó síbẹ̀ láti ayébáyé, wọn ò sunkún, wọn ò sọ pé ó rẹ àwọn.

Àwa kan rò pé bí Kristẹni ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ọ́, má sunkún. Oorun ò wá fún oṣù mẹ́ta, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ ò wọ ọ̀fun, ṣáà máa rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà ní o ti ya wèrè. Ará mi, Ọlọ́run ò dá yín ní òkúta. Ẹ ka Orin Dáfídì 103:14 tí ẹ bá ráyè: Ẹni tó mọ wá ò gbàgbé ohun tó fi mọ wá. Kódà àwọn òkúta ọ̀hún gan-an, ẹni tó bá ti wọ ibẹ̀ rí mọ̀ pé orí ọ̀pọ̀ wọn ti kán. Tí òkúta bá lè kán, kí ni ká ti sọ ti ẹran ara?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín pé ẹ ń lo oògùn. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò jẹ̀bi. Ẹ̀yin náà ò jẹ̀bi.

*OÚNJẸ ÀKỌ́KỌ́ KỌ́ LÓ GBÉ E DÌDE*

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí lónìí rèé. Èlíjà jẹun, ó mu omi. Kí ló ṣe lẹ́yìn náà? Ó tún dùbúlẹ̀! Oúnjẹ láti ọwọ́ áńgẹ́lì ni o, síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ tán, ó padà sùn. Áńgẹ́lì yẹn ò bínú, kò sọ pé oúnjẹ òun ò ṣiṣẹ́. Ó padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbé oúnjẹ fún un, ó ní ọ̀nà tó wà níwájú rẹ̀ jìn. Ìgbà yẹn ni Èlíjà tó dìde, ó sì fi ogójì ọjọ́ rìn kó tó dé Hórébù.

Ogójì ọjọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn dókítà máa ń sọ nípa oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìyàtọ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn dáadáa. Kò dà bíi Panadol tí a lò láàárọ̀ tí orí fi ojú ọ̀sán sílẹ̀. Àwa tí a ń dáko mọ̀ ọ́n: ẹni tó gbin iṣu kì í lọ tú ebè wò lọ́jọ́ kẹta. Nǹkan ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tí ojú ò rí.

Ohun tó jẹ́ kó le ni pé wàhálà oògùn yìí máa ń ṣáájú àǹfààní rẹ̀. Ẹlòmíì, inú á máa rú u bí ẹni fẹ́ bì. Ẹlòmíì, orí fífọ́ ni, tàbí ẹnu gbígbẹ, tàbí òòyì. Àwọn kan á máa sùn bí ọmọ tuntun, àwọn míì ò ní rí oorun sùn rárá, ara wọn ò sì ní balẹ̀. Láàárín tọkọtaya náà, ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lè dínkù. Ẹ bá ara yín sọ ọ́, ẹ má fi ṣe ìjà. Púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tí kò bá rọlẹ̀, ẹ padà lọ sọ fún dókítà. Ó lè dín in kù, ó lè yí àkókò tí ẹ ń lò ó padà, ó sì lè fún yín ní òmíràn.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tó ń ranni lọ́wọ́. Tí inú bá ń rú yín, ẹ bi dókítà bóyá ẹ lè máa lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná kí òòyì má baà gbé yín ṣubú. Amitriptyline máa ń fa oorun, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ní ká lò ó lálẹ́. Fluoxetine lè lé oorun lọ, wọ́n sì sábà máa ń ní ká lò ó láàárọ̀. Tí oorun bá ń kùn yín lójú ọ̀sán, ẹ má gun ọ̀kadà, ẹ má wa mọ́tò.

*Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ ṢE É*

1. Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Bí ara bá tilẹ̀ yá, àwọn dókítà máa ń ní ká máa lò ó lọ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kí wọ́n tó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

2. Ẹ má lò ó ní ìlọ́po méjì nítorí pé ẹ fẹ́ kó tètè ṣiṣẹ́, tàbí nítorí pé ẹ gbàgbé ti àná.

3. Ẹ má da ọtí pọ̀ mọ́ ọn. Àgbo àti tramadol náà, ẹ má lò ó láìsọ fún dókítà. Tramadol pẹ̀lú irú oògùn yìí léwu gan-an.

4. Tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ń gbààwẹ̀, ẹ lo oògùn yín. Ẹ bi dókítà nípa ààwẹ̀ ná. Ọlọ́run tó gbé oúnjẹ fún Èlíjà kò ní bínú sí yín.

5. Ẹ má kó oògùn wá sórí pẹpẹ láti fi hàn pé ẹ nígbàgbọ́. Ẹ mú ẹ̀rí wá. Ẹ fi oògùn sílé, kí ẹ sì máa lò ó.

*ÈYÍ TÍ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ DỌ̀LA*

Mi ò ní fi èyí pamọ́. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, pàápàá fún àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 25, èrò ikú lè pọ̀ sí i dípò kó dínkù. Nígbà míì, agbára á ti padà sára kí ìbànújẹ́ tó kúrò lọ́kàn, ibẹ̀ ni ewu wà. Tí èrò pé kí ẹ kú bá wá, ẹ má ṣe dá gbé e. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹni náà sì bá yín lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ fi oògùn sọ́wọ́ ẹlòmíì kó máa fún yín ní ìwọ̀n tòní. Èlíjà sọ èrò yẹn jáde lẹ́nu, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ láìlé e dànù.

Bákan náà, tí ẹni tó wà nínú ìbànújẹ́ bá ṣàdédé ń yọ̀ kọjá ààlà, tí kò sùn, tí kò rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ láìdúró, ẹ má tíì pè é ní ìsọjí. Ẹ mú un padà lọ rí dókítà kíákíá.

*Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ*

Èlíjà fi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bíáṣébà, òun nìkan ló wọ aginjù. Nígbà tí Ọlọ́run gbé e dìde tán, ọ̀kan nínú ohun tó fún un ni Èlíṣà, kó má baà dá rìn mọ́.

Ọmọ Yorùbá kan mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ní 1954 ni ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ló sì ń darí rẹ̀. Ó wò ó pé kò dára kí wọ́n máa ti aláìsàn mọ́lé láàárín àjèjì. Ó bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ìbátan aláìsàn á bá a wá, á máa se oúnjẹ fún un, á sì máa tẹ̀ lé e lọ gba ìtọ́jú. Ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Lambo padà di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé, WHO.

Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ má bi í ní ọjọ́ kẹta pé, "Ṣé o ò tíì gbádùn ni?" Ẹ bi í pé, "Ṣé o ti jẹun? Ṣé o ti lo tàárọ̀?" Ẹ gbé àmàlà lọ bá a. Ẹ bá a rìn dé ìdí ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí Òmù-Àrán tàbí UITH ní Ìlọrin ní ọjọ́ tí dókítà dá fún un. Áńgẹ́lì tó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó lè jẹ́ ẹ̀yin ni.

*IṢẸ́ ÒNÍ:* Tí ẹ bá ń lo oògùn, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ka ogójì ọjọ́ síwájú, kí ẹ sì yan ẹnì kan tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹ ò bá lò ó, ẹ pe ẹnì kan lórí fóònù lónìí tí ẹ ò rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìjẹta.

*ÀDÚRÀ:* Bàbá wa, ìwọ tó jókòó ti Èlíjà lábẹ́ igi, jókòó ti ọmọ rẹ tó ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Jẹ́ kí oògùn yìí ṣe é lóore. Fún un ní sùúrù fún tòní nìkan, kí o sì tún padà wá lọ́la. Má jẹ́ kó dá rìn. Mú un dé Hórébù tirẹ̀ láàyè. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan. Ẹ ò mọ ẹni tó di hóró oògùn mọ́wọ́ láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ òní á san wá o. 🙏