Iṣu Funfun àti Òfin Irúgbìn Oríṣi Méjì

Ẹ ka Lefitiku 19:19 àti Matteu 1:5.

Láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, ilẹ̀ Àwórì tí ó ti gba àlejò láti ìlú gbogbo, àwọn òbí mìíràn a máa fi òfin Mose nípa irúgbìn oríṣi méjì nínú oko kan dá ọmọ wọn lẹ́kun láti fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ará ìlú wọn. Wọ́n ní Ọlọ́run kórìíra àmúlùmálà. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a bi iṣu tí a ń rà ní ọjà Ìkọ̀tún léèrè.

Iṣu ní akọ, ó sì ní abo. Lórí ìtàkùn kan, òdòdó akọ ni ẹ ó bá. Lórí òmíràn, abo. Àgbẹ̀ kì í sábà kíyè sí i, nítorí èbù ni ó ń gbìn. Ṣùgbọ́n kòkòrò wínníwínní, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, a máa gbé lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó akọ lọ sí ti abo, kì í sì í béèrè ìlú tí ìtàkùn náà ti wá. Nígbà tí èso bá gbẹ tí ó sì là, irúgbìn rẹ̀ tí ó ní ìyẹ́ yóò bá afẹ́fẹ́ lọ.

Oríṣi iṣu igbó méjì ń bẹ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n bá ara wọn tan. Ọ̀kan ń gbé inú ọ̀dàn, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Dioscorea abyssinica. Èkejì, Dioscorea praehensilis, ń gbé inú ẹgàn. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ láti Japan, pẹ̀lú àwọn ti ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn, yẹ ohun àjogúnbá inú ara iṣu funfun 336 wò. Ẹ̀rí tí wọ́n rí tọ́ka sí i pé ọmọ àwọn méjèèjì ni iṣu funfun. (Ní ọdún 2019, àwọn mìíràn ti kọ ọ́ pé inú ẹgàn nìkan ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ onímọ̀ a máa yí padà.) Kòkòrò ni alárinà wọn. Iyán tí àwọn òbí wọ̀nyí fi ń ṣe àlejò níbi ìgbéyàwó, àmúlùmálà ni!

Bẹ́ẹ̀ ni ohun náà kò tíì dópin. Ní ìhà àríwá Benin, àwọn àgbẹ̀ kan a máa wa iṣu láti inú igbó, wọn a sì gbìn ín sí oko ní ọdún mélòó kan títí yóò fi dà bí iṣu oko. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé òmíràn nínú wọn jẹ́ ọmọ tí iṣu oko bí fún iṣu igbó.

Kí wá ni ti òfin náà? Israẹli ni a fi í fún, ẹsẹ kan náà sì ni ó kọ aṣọ tí a fi oríṣi òwú méjì hun. Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ náà lé àna yín sẹ́yìn, ẹ yẹ ẹ̀wù tí ẹ wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wò.

Òfin kan náà sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ará Moabu. Síbẹ̀ Boasi fẹ́ Rutu, ó bí Obedi, Obedi bí Jesse, Jesse bí Dafidi. Matteu kò sì fi orúkọ obìnrin àjèjì náà pamọ́ nígbà tí ó ń ka ìran Olúwa wa.