Ààbò Ìlú àti Ìpalára fún Àbùùbùtán

Ǹjẹ́ ààbò ìlú lè sọ ìpalára fún ẹ̀dá tí kò bá ẹnikẹ́ni jà di ohun tí ó tọ́? Ìró ni àbùùbùtán eléyín fi ń mọ ọ̀nà àti oúnjẹ rẹ̀ nínú òkùnkùn ibú. Ìró náà ni ọkọ̀ ogun ń fi ẹ̀rọ sónà jù sínú omi láti wá ọkọ̀ ọ̀tá tí ó fara pamọ́ sábẹ́ òkun.

Ní oṣù kẹta ọdún 2000, nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lò ó ní Bahamas, ẹ̀dá òkun 17 há sórí iyanrìn. Àbùùbùtán ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ gbé jáde ní 2001 ka ẹ̀bi náà sí ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́rùn.

A gbà pé dandan ni kí ìlú dáàbò bo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí dandan bá parí sí, ibẹ̀ ni àyè tí ó fún ni parí sí. Ní 2002, àbùùbùtán 14 há ní erékùṣù Canary nígbà ìdánrawò ogun. Ní 2004, Sípéènì fòfin de sónà lágbègbè náà. Títí di 2013, irú àjálù bẹ́ẹ̀ kò tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí náà, ìdánrawò tí a lè gbé kúrò lọ́nà ẹ̀dá tí kò lè fẹjọ́ sùn, tí a kò sì gbé kúrò, kì í ṣe dandan mọ́; ìrẹ́jẹ ni.